Yanrìn Tí Omi Kì í Fà: Àbùdá Ilẹ̀ Àkùrọ̀ Oníyanrìn Nínú Igbó Ẹ̀pẹ́ àti Agbègbè Rẹ́mọ

1.0 Ìfáàrà

Bí a bá bi àwọn ènìyàn léèrè irú ilẹ̀ tí omi máa ń dá sí, ọ̀pọ̀ wọn ni yóò dáhùn pé ilẹ̀ amọ̀ ni. Bí a bá sì bi wọ́n léèrè irú ilẹ̀ tí omi kì í pẹ́ fà níbẹ̀, ilẹ̀ iyanrìn ni wọn yóò dárúkọ. Ìdáhùn méjèèjì tọ̀nà dé àyè kan, ṣùgbọ́n wọn kò kárí gbogbo ilẹ̀. Ní ilẹ̀ Rẹ́mọ, ní ẹsẹ̀ àwọn odò kéékèèké tí wọ́n ṣàn gba inú igbó kọjá, a máa ń rí ilẹ̀ kan tí ó jẹ́ iyanrìn láti òkè dé ìsàlẹ̀, síbẹ̀ tí omi kì í fà níbẹ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù láàrin ọdún. Irú ilẹ̀ yìí ni iṣẹ́ yìí dá lé.

Ìdí tí ọ̀rọ̀ náà fi ṣe kókó kò fara sin. Láti ìgbà tí wọ́n ti ṣí ọ̀nà márosẹ̀ Èkó sí Ìbàdàn ní 1978 ni ilẹ̀ Ṣágámù àti àyíká rẹ̀ ti di ohun tí tọmọdé tàgbà ń wá rà. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí ọ̀nà oko dára, ni ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń lọ wo ilẹ̀. Wọ́n á bá iyanrìn tí ó gbẹ táútáú, wọ́n á ní ilẹ̀ náà dára fún ilé tàbí fún oko obì. Ìgbà tí òjò bá dé ni wọ́n á tó mọ ohun tí wọ́n rà. Ohun tí a fẹ́ fi yé àwọn òǹkàwé wa ni pé kì í ṣe iyanrìn nìkan ni ó ń pinnu bóyá omi yóò fà; ipò tí iyanrìn náà wà ni. A ó sì fi hàn pé èdè Yorùbá ní ọ̀rọ̀ tí a lè fi ka irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ bí ẹni ń ka ìwé, bí a kò bá jẹ́ kí àwọn ọ̀rọ̀ náà run.

2.0 Àlàyé Lórí Àwọn Ọ̀rọ̀ Tí A Lò

Àwọn baba wa kì í fi orúkọ kan ṣoṣo pe gbogbo ilẹ̀. Àwọn orúkọ kan ń tọ́ka sí ohun tí a fi dá ilẹ̀ náà. Irú wọn ni iyanrìn, amọ̀, yangí àti ilẹ̀dú. Ilẹ̀dú ni ilẹ̀ dúdú tí ewé jíjẹrà ti sọ di ọlọ́ràá. Àwọn orúkọ mìíràn ń tọ́ka sí ohun tí omi ń ṣe níbẹ̀. Irú wọn ni ẹrẹ̀, àbàtà, irà àti àkùrọ̀. Ẹrẹ̀ lè wà níbikíbi tí òjò bá ti rọ̀, òòrùn ọjọ́ kan sì lè gbẹ ẹ́. Àbàtà ni ibi tí omi dá sí tí ó sì pẹ́ níbẹ̀. Irà ni ẹrẹ̀ jíjìn tí ó lè gbé ẹsẹ̀ ènìyàn mì. Àkùrọ̀ ní tirẹ̀ ni ilẹ̀ etí omi tí à ń dá oko sí nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, nígbà tí omi bá ti sún sẹ́yìn díẹ̀ tí ọ̀rinrin sì kù nílẹ̀.

A ó rí i pé ọ̀wọ́ orúkọ méjì ni èyí. Ọ̀wọ́ kìíní ń dáhùn ìbéèrè pé, “Kí ni ilẹ̀ yìí?” Ọ̀wọ́ kejì ń dáhùn pé, “Kí ni omi ń ṣe níbẹ̀?” Ẹni tí ó bá dáhùn ìbéèrè kan tí ó sì rò pé òun ti dáhùn méjèèjì yóò ṣìnà. Ìdí nìyí tí a fi so ọ̀rọ̀ méjì pọ̀ nínú àkòrí wa, tí a sì pe ilẹ̀ náà ní àkùrọ̀ oníyanrìn.

Ó yẹ kí a fi kún un pé láti àwọn ọdún 1990 tí ìjọba àpapọ̀ ti gbé ètò Fadama kalẹ̀, ọ̀rọ̀ Hausa náà ti wọ ẹnu àwọn òṣìṣẹ́ àgbẹ̀ wa, títí kan àwọn ti Ìpínlẹ̀ Ògùn. Ọ̀rọ̀ náà kò burú. Ṣùgbọ́n kò yẹ kí ó mú kí a gbàgbé pé àkùrọ̀ ti wà lẹ́nu wa kí ètò náà tó dé.

3.0 Ibi Tí Ilẹ̀ Náà Wà

Ẹ̀pẹ́ tí a ń sọ níhìn-ín kì í ṣe Ẹ̀pẹ́ etí ọ̀sà tí ó wà ní Ìpínlẹ̀ Èkó. Ẹ̀pẹ́ ti Rẹ́mọ ni, ọ̀kan nínú àwọn ìlú tí wọ́n para pọ̀ di Ṣágámù ní 1872, tí ọba rẹ̀ ń jẹ́ Ẹlẹ́pẹ́. Ilẹ̀ igbó ni agbègbè yìí. Òjò máa ń bẹ̀rẹ̀ níbẹ̀ ní nǹkan bí oṣù kẹta, á pọ̀ gan-an ní oṣù kẹfà àti oṣù keje, á dẹwọ́ fún ìgbà díẹ̀ ní oṣù kẹjọ, á sì tún padà ní oṣù kẹsàn-án àti oṣù kẹwàá kí ẹ̀ẹ̀rùn tó wọlé.

Òkúta tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ Rẹ́mọ yàtọ̀ sí ti Abẹ́òkúta tàbí ti Ìbàdàn. Àwọn àpáta líle tí a ń rí ní Olúmọ kò sí níhìn-ín. Iyanrìn, amọ̀ àti òkúta ẹlẹ́fun tí omi kó jọ láyé àtijọ́ ni ó wà lábẹ́ ilẹ̀. Òkúta ẹlẹ́fun yìí ni ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ṣágámù ní 1978 ń wà. Nítorí náà, kò yani lẹ́nu pé iyanrìn pọ̀ nínú ilẹ̀ agbègbè náà.

Àwọn onímọ̀ ti ṣiṣẹ́ lórí irú ilẹ̀ wọ̀nyí tipẹ́. Ní 1957, R. P. Moss gbé ìròyìn kan jáde láti Moor Plantation ní Ìbàdàn lórí bí a ṣe lè pín irú ilẹ̀ tí ó wà lórí òkúta tí omi kó jọ ní Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà. Ní 1962, A. J. Smyth àti R. F. Montgomery tẹ ìwé tiwọn jáde lórí ilẹ̀ àárín gbùngbùn Ìwọ̀ Oòrùn. Orúkọ ìlú wa ni àwọn onímọ̀ wọ̀nyí fi sọ ọ̀pọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ṣàpèjúwe. Irú ilẹ̀ tí ó ń jẹ́ Ìwó wà, èyí tí ó ń jẹ́ Òǹdó wà, bẹ́ẹ̀ sì ni èyí tí ó ń jẹ́ Apòmù, tí í ṣe iyanrìn ẹsẹ̀ òkè. Orúkọ Yorùbá ni wọ́n fún ilẹ̀ náà, ṣùgbọ́n èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ṣe àpèjúwe wọn. Iṣẹ́ tí ó ṣẹ́kù fún wa ni láti fi Yorùbá ṣe àpèjúwe náà.

4.0 Àbùdá Ilẹ̀ Náà

4.1 Ipò rẹ̀

Bí a bá dúró ní orí òkè kan ní agbègbè Ẹ̀pẹ́ tí a sì rìn wálẹ̀ títí dé etí odò, ilẹ̀ yóò máa yí padà lábẹ́ ẹsẹ̀ wa. Ní orí òkè, ilẹ̀ pupa ni, amọ̀ sì ń pọ̀ sí i bí a ti ń gbẹ́ ẹ lọ sísàlẹ̀. Ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́, pupa rẹ̀ á dín kù, iyanrìn á sì pọ̀ sí i. Ní ẹsẹ̀ òkè àti nínú àfonífojì, iyanrìn tí ọ̀gbàrá ti ń wọ́ wálẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ ni ó gba gbogbo ilẹ̀. Ní 1935, onímọ̀ kan tí ó ń jẹ́ G. Milne, tí ó ṣiṣẹ́ ní Ìlà Oòrùn Áfíríkà, fi yé àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé ó yẹ kí a máa wo irú ilẹ̀ orí òkè àti ti àfonífojì bí ẹ̀wọ̀n kan tí ó so kọ́ra. Àwọn àgbẹ̀ wa ti ń lo ìmọ̀ yìí nígbà tí wọ́n bá ń gbin obì sókè tí wọ́n sì ń gbin kókò sí ìsàlẹ̀ oko kan náà.

Kí ló dé tí omi kì í fà nínú iyanrìn àfonífojì yìí? Ẹ jẹ́ kí a fi ajere ṣe àpẹẹrẹ. Ajere kì í gba omi dúró, nítorí ihò tí ó wà nídìí rẹ̀. Ṣùgbọ́n bí a bá gbé ajere kan náà sínú ọpọ́n tí omi kún, omi inú rẹ̀ kò ní jò tán láéláé, àfi bí omi inú ọpọ́n bá lọ sílẹ̀. Bí iyanrìn àfonífojì ti rí nìyẹn. Àárín hóró iyanrìn kan sí èkejì fẹ̀, omi sì lè gba ibẹ̀ kọjá kíákíá. Ṣùgbọ́n omi tí ó wà lábẹ́ ilẹ̀ kò jìnnà sókè níbẹ̀. Bí òjò bá ti ń rọ̀ tí omi orí òkè náà sì ń yọ́ wá láti abẹ́ ilẹ̀, ojú omi yìí á máa ga sókè títí yóò fi súnmọ́ ojú ilẹ̀. Omi tuntun kò ní ibi tí yóò gbà lọ mọ́. Kì í ṣe pé iyanrìn kọ̀ láti jẹ́ kí omi lọ. Ọpọ́n ni ó kún.

4.2 Àwọ̀ rẹ̀

Àwọ̀ ni ẹlẹ́rìí tí kì í purọ́ nípa omi inú ilẹ̀. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta gbòógì ni èdè Yorùbá ní fún àwọ̀: dúdú, pupa àti funfun. Àwọn kan a máa rò pé èyí kéré, ṣùgbọ́n nínú ilẹ̀ tí a ń sọ yìí, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó wà, olúkúlùkù wọn sì ní ìtàn tí ó ń sọ.

Dúdú ni òkè ilẹ̀ náà. Ewé igbó tí ó já sílẹ̀ ni ó jẹrà níbẹ̀. Níbi tí omi ti kún inú ilẹ̀, atẹ́gùn kò rí ààyè wọlé, àwọn ohun abẹ̀mí tín-ín-tìn-ìn-tín tí wọ́n ń jẹ ewé náà kò sì lè ṣiṣẹ́ kíákíá. Nítorí náà, ìdọ̀tí ewé á kó jọ, á sì sọ òkè ilẹ̀ di dúdú kirikiri.

Pupa ni àwọ̀ irin tí ó ti dógùn-ún. Irin wà nínú ọ̀pọ̀ ilẹ̀ wa, ó lẹ̀ mọ́ ara hóró iyanrìn bí aṣọ. Níbi tí atẹ́gùn bá wà, irin náà á dógùn-ún, ilẹ̀ á sì pọ́n bí ti orí òkè. Ṣùgbọ́n níbi tí omi bá ti lé atẹ́gùn jáde, irin náà á yọ́ mọ́ omi, omi á sì gbé e lọ. Bí aṣọ pupa bá ti bọ́ lára iyanrìn, ara iyanrìn fúnra rẹ̀ ni yóò hàn, yóò sì di funfun tàbí kí ó ní àwọ̀ eérú. Ìtàn ti funfun nìyẹn.

Ohun tí ó ṣe pàtàkì jù ni ibi tí pupa àti funfun ti pàdé. Bí a bá gbẹ́ ilẹ̀ náà tí a rí àwọ̀ eérú tí àbàwọ́n pupa kéékèèké wà lára rẹ̀, tí ìpáàrà sì wà ní ojú ọ̀nà gbòǹgbò àtijọ́, kí a mọ̀ pé omi máa ń gòkè dé ibẹ̀ nígbà òjò, ó sì máa ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, tí atẹ́gùn á sì tún wọlé. Bí a bá gbẹ́ ẹ jù bẹ́ẹ̀ lọ tí a kò rí pupa kankan mọ́, tí gbogbo rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ eérú, omi kì í kúrò níbẹ̀ tàbí kí ó máa kúrò fún ìgbà kúkúrú. Nítorí náà, ẹni tí ó bá lọ wo ilẹ̀ ní oṣù kejì, tí gbogbo rẹ̀ gbẹ, lè mọ ibi tí omi yóò dé ní oṣù keje bí ó bá gbẹ́ kòtò kan tí ó jìn tó mítà kan tí ó sì mọ àwọ̀ kà. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ ní ìwé àwọ̀ tí wọ́n ń pè ní Munsell, tí wọ́n fi ń díwọ̀n àwọ̀ ilẹ̀ káàkiri àgbáyé. Ìwé náà wúlò, ṣùgbọ́n dúdú, pupa àti funfun tó láti fi bẹ̀rẹ̀.

4.3 Bí ó ti rí lọ́wọ́

Hóró iyanrìn lè tóbi tó milimita méjì. Hóró amọ̀ kò tó ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún irú hóró bẹ́ẹ̀ ní fífẹ̀. Bí a bá bu ilẹ̀ tútù tí a sì fi ọwọ́ yí i, amọ̀ á gùn bí òwú, iyanrìn á sì fọ́. Ẹni tí ó bá ń ṣe àyẹ̀wò yìí ní àkùrọ̀ gbọ́dọ̀ ṣọ́ra. Òkè ilẹ̀ náà tí ó dúdú lè máa yọ̀ lọ́wọ́ bí amọ̀ nítorí ewé jíjẹrà tí ó wà nínú rẹ̀. Kí a bu ú sínú igbá, kí a da omi sí i, kí a rò ó pọ̀, kí a sì rọra da omi dúdú náà nù nígbà bíi mélòó kan. Bí ó bá jẹ́ àkùrọ̀ oníyanrìn ni, iyanrìn mímọ́ ni yóò kù nídìí igbá.

4.4 Oúnjẹ inú rẹ̀

Ilẹ̀ yìí kò lọ́ràá bí dúdú rẹ̀ ṣe lè mú wa rò. Iyanrìn kì í di oúnjẹ ohun ọ̀gbìn mú bí amọ̀ ṣe ń dì í mú. Ìwọ̀nba oúnjẹ tí ó wà níbẹ̀, inú ilẹ̀dú tí kò nípọn ni ó wà. Bí a bá jó ojú ilẹ̀ náà tàbí tí ọ̀gbàrá bá wọ́ ọ lọ, iyanrìn tí kò lè bọ́ ohun kan ni yóò kù. Bí a bá sì da ajílẹ̀ púpọ̀ sí i lẹ́ẹ̀kan náà, omi á fọ èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ lọ. Díẹ̀díẹ̀, lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ni ó yẹ kí a máa fi í.

Ìṣòro rẹ̀ tún ní ojú méjì. Nígbà òjò, omi pọ̀ níbẹ̀ kọjá bí ó ti yẹ. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn bá wá le tí omi abẹ́ ilẹ̀ sì lọ sílẹ̀, òkè rẹ̀ á gbẹ kíákíá, nítorí pé iyanrìn kì í lè fa omi gòkè jìnnà. Ohun ọ̀gbìn kan náà lè rì sómi ní oṣù keje kí òǹgbẹ sì gbẹ ẹ́ ní oṣù kìíní.

4.5 Ohun tí ó ń hù àti ohun tí ó ń gbé níbẹ̀

Kí a tó fi ọkọ́ kan ilẹ̀ pàápàá, igbó ti sọ̀rọ̀. Ibi tí ògùrọ̀, igi tí à ń dá ẹmu lára rẹ̀, bá ti hù lọ́pọ̀ yanturu, omi kò jìnnà síbẹ̀. Làbẹlàbẹ tí ewé rẹ̀ ń géni lẹ́sẹ̀ jẹ́ àmì mìíràn, bẹ́ẹ̀ sì ni igi abùrà. Ihò alákàn tí a fi ẹrẹ̀ mọ ẹnu rẹ̀ kì í sí lórí òkè. Bí a bá rí i lójú ilẹ̀ gbígbẹ, omi ni alákàn náà gbẹ́ ilẹ̀ lọ bá. Ẹni tí ó bá pa igbó yìí rẹ́ kí ó tó wò ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ nu àkọlé ilẹ̀ náà nù.

5.0 Ìlò àti Àṣìlò Rẹ̀

Gbòǹgbò igi ń mí. Níbi tí omi bá ti gba ipò atẹ́gùn fún ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan, gbòǹgbò ọ̀pọ̀ ohun ọ̀gbìn á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹrà, ewé wọn á pọ́n, wọ́n á sì kú díẹ̀díẹ̀. Obì gbànja tí a mọ ilẹ̀ Rẹ́mọ mọ́ kò fẹ́ irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, kòkó náà kò fẹ́ ẹ. Iṣu àti ẹ̀gẹ́ á jẹrà nínú rẹ̀. Ìrẹsì, ìrèké àti kókò ni ó lè fara da omi. Ẹ jẹ́ kí a kíyè sí i pé ohùn orí ọ̀rọ̀ nìkan ni ó ya kókò sọ́tọ̀ sí kòkó, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ tí ọ̀kan fẹ́ ni èkejì ń sá fún. Ẹni tí ó bá kọ ìmọ̀ràn fún àgbẹ̀ tí kò sì fi àmì ohùn sí i lè ba oko jẹ́.

Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ni ilẹ̀ náà máa ń wúlò jù. Ẹ̀fọ́ tẹ̀tẹ̀, ilá àti àgbàdo tútù tí a gbìn síbẹ̀ máa ń jáde nígbà tí wọ́n bá wọ́n lọ́jà. Àwọn tí ó mọ̀ ọ́n lò máa ń kọ ebè gíga kí gbòǹgbò lè wà lókè omi, wọ́n máa ń la yàrà kí omi lè rí ọ̀nà lọ sódò, wọ́n sì máa ń fi koríko gbígbẹ bo ojú ilẹ̀ kí ilẹ̀dú má baà ṣòfò. Kò sì yẹ kí a fa gbogbo omi rẹ̀ gbẹ, nítorí ọ̀rinrin náà ni èrè rẹ̀.

Ní ti ilé kíkọ́, ewu tí ó wà níbẹ̀ ju ti ògiri tí ń rin lọ. Nínú iyanrìn tí omi kún, ṣalángá tí a gbẹ́ kì í pẹ́ pàdé omi abẹ́ ilẹ̀, iyanrìn náà kò sì ní agbára láti sẹ́ ẹ̀gbin bí ilẹ̀ tí ó gbẹ. Omi kan náà ni kànga àdúgbò ń pọn. Àwọn onímọ̀ ìlera máa ń gbani nímọ̀ràn pé kí ṣalángá jìnnà sí kànga tó ọgbọ̀n mítà, kí ìdí rẹ̀ má sì kan omi abẹ́ ilẹ̀. Ní àkùrọ̀ oníyanrìn, ìlànà kejì yìí fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé tẹ̀ lé nígbà òjò. Àìsàn tí ó lè ti ibẹ̀ jáde kì í yan onílẹ̀ yàtọ̀ sí ayálégbé.

6.0 Iṣẹ́ Tí Ó Já Lé Olùkọ́ Yorùbá Léjìká

Òǹkàwé lè béèrè pé kí ni ó kan ẹ̀ka èdè Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ iyanrìn àti omi. Ó kàn wá gbọ̀ngbọ̀n. Ìwé èdè-ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1984 àti èyí tí Ọládélé Awóbùlúyì ṣe olóòtú rẹ̀ ní 1990 ti fún wa ní ọ̀rọ̀ tí a fi ń kọ́ni ní gírámà àti lítíréṣọ̀. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Ìmọ̀ nípa ilẹ̀ náà nílò irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, kò sì pọn dandan kí a ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ tuntun púpọ̀. Ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ tí a lò nínú iṣẹ́ yìí ni àwọn àgbẹ̀ ti ń lò. Ohun tí ó kù ni kí a kó wọn jọ, kí a ya ìtumọ̀ àbàtà sọ́tọ̀ sí ti irà, kí a sì kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí yóò lọ di olùkọ́ ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀.

A dábàá pé kí olùkọ́ Yorùbá àti olùkọ́ iṣẹ́ àgbẹ̀ jùmọ̀ mú akẹ́kọ̀ọ́ lọ sí oko lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún, lẹ́ẹ̀kan nígbà òjò, lẹ́ẹ̀kan nígbà ẹ̀ẹ̀rùn. Kí wọ́n gbẹ́ kòtò ní orí òkè, ní gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ àti ní ẹsẹ̀ odò. Kí wọ́n kọ àwọ̀ àti orúkọ ohun tí wọ́n rí sílẹ̀ ní èdè Yorùbá pẹ̀lú àmì ohùn. Akẹ́kọ̀ọ́ tí ó bá ṣe èyí kò ní gbàgbé ìyàtọ̀ tí ó wà láàrin ohun tí ilẹ̀ jẹ́ àti ohun tí omi ń ṣe níbẹ̀.

7.0 Àgbálọgbábọ̀

Nínú iṣẹ́ yìí, a ti ṣe àlàyé pé àkùrọ̀ oníyanrìn jẹ́ ilẹ̀ tí omi kì í tètè fà níbẹ̀ nítorí ipò rẹ̀ nínú àfonífojì, kì í ṣe nítorí ohun tí a fi dá a. A ti fi hàn pé òkè rẹ̀ dúdú, ìsàlẹ̀ rẹ̀ funfun tàbí kí ó ní àwọ̀ eérú, àti pé àbàwọ́n pupa tí ó wà láàrin méjèèjì ni ó ń sọ ibi tí omi ń gòkè dé. A sọ̀rọ̀ nípa àìlọ́ràá rẹ̀, ohun tí ó ń hù níbẹ̀, ìlò rẹ̀ àti ewu tí ó wà nínú kíkọ́ ilé sórí rẹ̀. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní òjò kò bẹ́nìkan ṣọ̀rẹ́, ẹni eji rí leji ń pa. Ẹni tí ó fẹ́ ra ilẹ̀ nígbà ẹ̀ẹ̀rùn ní Ẹ̀pẹ́, tàbí níbikíbi ní Rẹ́mọ, kí ó kọ́kọ́ bèèrè ibi tí eji ń dé lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n ti ń roko níbẹ̀, kí ó sì gbẹ́ ilẹ̀ náà wò.